Ta ló gbé ọmọ, tí mo fi ráyè gbin ewédú?

Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ mi àkọ́kọ́ pé oṣù mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ sọ ohun tí àpò ìrẹsì mẹ́ta ṣe fún mi, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ń ka èyí tí ọmọ wà lẹ́nu ọmú rẹ̀ báyìí, tí ara rẹ̀ sì rí bí tèmi ṣe rí nígbà yẹn.

Àìsàn kọ́ ló ṣe mí. Mo ń jẹun, ọmú ń wá dáadáa, ọmọ sì ń sanra. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mi ò ní rí ohun kan ṣoṣo tí mo lè nàka sí pé èyí ni mo ṣe lónìí. Aṣọ tí mo fọ̀ láàárọ̀, ọmọ ti bì sí i. Ilẹ̀ tí mo gbá ti dọ̀tí. Ìlédìí tí mo sá kò tíì gbẹ tí òmíràn ti tutù. Mo máa ń sunkún nídìí kànga, mi ò sì lè sọ pé nǹkan báyìí ló pa mí lẹ́kún.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó bímọ, nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin iṣẹ́ kà sílẹ̀ ni wọ́n fún mi, mẹ́fà ṣáájú ìkúnlẹ̀, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wa pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 gbáko. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mo pinnu ẹ̀, mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó ti ń dúró níwájú ogójì ọmọ lójoojúmọ́ á máa wá ohùn ara rẹ̀ nínú ilé.

Màmá mi ti Ìsẹ́yìn wá wẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin márààrún tí mo fi omi àti àgbo tọ́, èwo ló kú nínú yín?” Mi ò dáhùn, mo kàn gbé ọmọ sẹ́nu ọmú. Nígbà tó dọjọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn ló ń lé aládùúgbò tó gbé ife omi wá. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n di ẹrù wọn. Ẹnu ọ̀nà la dúró sí nígbà tí wọ́n tú etí ìró wọn, tí wọ́n da irúgbìn ewédú sí mi lọ́wọ́. Irúgbìn dúdú wínníwínní, kò kún ìdérí ìgò. Wọ́n ní, “Gbìn ín. O ó rí nǹkan wò.”

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Mo bẹ ọkọ mi kí wọ́n bá mi bu erùpẹ̀ sínú àpò ìrẹsì mẹ́ta, mo fi ọ̀bẹ dá ihò sí ìdí àpò kí omi lè máa jò jáde. Ìgbẹ́ adìyẹ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ládùúgbò, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbẹ, tó ti pẹ́ nílẹ̀, ni mo gbà, torí tútù rẹ̀ a máa jó ewé. Mo pò ó mọ́ erùpẹ̀, mo fọ́n irúgbìn sí i, mo bomi rin ín. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Koríko nìkan ló hù.

Mo pe màmá mi lórí fóònù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Ṣé o rẹ ẹ́ sómi gbígbóná?”

Mi ò mọ̀ rárá. Wọ́n wá ṣàlàyé: èèpo irúgbìn ewédú le, omi lásán kì í tètè wọ inú rẹ̀. Kí n di í sínú àkísà funfun, kí n sọ omi kalẹ̀ lórí iná bó bá ti hó, kí n ti dìdì náà bọ̀ ọ́, kí n ka ení dé ẹ̀wá, kí n yọ ọ́ kíá, kí n jù ú sínú omi tútù. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti jinná nìyẹn. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n fún mi. Mo pọn ọmọ, mo dúró ti ìkòkò, mo di etí àkísà mú, mo ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta… Ọmọ fi orí lé mi lẹ́yìn, ó dákẹ́, bí ẹni pé òun náà ń kà á. Mo sá irúgbìn náà kó gbẹ, mo pò ó mọ́ ẹ̀kúnwọ́ yanrìn méjì kó má baà kórajọ sójú kan, mo fọ́n ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo rí i. Ewé méjì méjì, kéékèèké, àwọ̀ wọn ṣì mọ́ rokoṣo, àwọn mìíràn ṣì dé èèpo irúgbìn bíi fìlà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi kú mi.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ewédú fẹ́ omi láàárọ̀, ó fẹ́ omi nírọ̀lẹ́, ó fẹ́ kéèyàn tu koríko. Ọwọ́ méjì ló ń ṣe é, ọwọ́ mi méjèèjì sì ti kún. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Géètì, ààbọ̀ kọjá aago mẹ́fà ni wọ́n máa ń wọlé. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti wẹ̀ tán, ti wọn ni ọmọ títí di aago méje ààbọ̀. Wọ́n gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò tíì rin àpò kejì tí wọ́n fi yọjú lẹ́yìnkùlé: “Ìyá ẹ̀, ọmọ ẹ ń ké o.” Mo ní, “Ọmọ wa ni. Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.” Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n padà sínú ilé. Mo gbọ́ ẹkún náà, ọmú mi ń ṣẹ̀ gan-an bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dákẹ́. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, ọ̀já náà rí wúruwùru, wọ́n ń rìn yí àga ká, ọmọ sì ti sùn.

Láti ọjọ́ náà ni wákàtí yẹn ti di tèmi. Nígbà tí iṣu ń wọ́n, tí owó ọjà ò tó, wákàtí yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo kọ́kọ́ gé e. Màmá mi ti kì mí nílọ̀ pé kí n má fà á tu, kí n fi ọ̀bẹ gé e kí n ṣẹ́ nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kù nílẹ̀, ẹ̀ka tuntun á yọ. Mo fi ìjábẹ̀ ja á, irú àti kánún díẹ̀, àmàlà. Ọkọ mi lá abọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ewúrẹ́ ìyá onílé wọlé ní Sátidé kan, ó jẹ àpò méjì kanlẹ̀. Ìyá onílé fúnra wọn ló wá bẹ̀ mí, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì àti irúgbìn ṣọkọ wá. A jọ ń gbìn ín báyìí. Tẹ̀tẹ̀ náà ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí fi ọwọ́ yín ṣe, ta ló sì ń bá yín gbé ọmọ?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìkókó, ẹ kú oríire ọmọ. Àdìrẹ ni tèmi. Ìyá ìyá mi ṣe é, ìyá mi ò ṣe é, èmi kàn ń lọ ra á ní Ìtòkú bíi gbogbo èèyàn ni. Nígbà tí àwọn ìbejì pé ọdún kan, ìyá aláró kan lójúlé kejì sí wa fún mi ní aṣọ funfun àti ìko, wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n.

Ohun tó jẹ́ kí n lè ṣe é ni pé àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko so, kì í kánjú. Ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya sára aṣọ, le fún abiyamọ: bó o bá ti ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ, tó o ti bẹ̀rẹ̀ ìlà, ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n oníko, o so kókó kan, ọmọ ké, o gbé e kalẹ̀. Bó di ọ̀la, kókó yẹn ṣì wà níbi tó o so ó sí. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kókó ni mo so sára aṣọ mi àkọ́kọ́, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi ń so ó tẹ́lẹ̀, títí ọjọ́ tí Kẹ́hìndé fi ọ̀kan sẹ́nu. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo yọ ọ́, gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Mi ò fi òkúta so mọ́. Aṣọ lásán ni mò ń fi ìka gbé sókè tí mo ń so.

Mi ò kì í kó àwọn ìbejì lọ síbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró. Ẹ̀lú àti omi eérú layé àtijọ́. Báyìí, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì ló pọ̀ jù, ó sì ń jó èèyàn lára. Ìyá wọn àgbà ló máa ń dúró tì wọ́n nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá tíì rí i rí, ẹ lọ wò ó lójú ara yín: bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló ní. Ẹ ò tíì mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ á fi kàn án, tó ń di búlúù níwájú yín, láti etí wá sí àárín. Nígbà tí mo tú kókó àkọ́kọ́, tí òṣùpá funfun yọ lára rẹ̀, ariwo ni mo pa.

Irúgbìn ewédú yẹn, ṣé mo lè rí i gbà?

Ìyá Ọmọge, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Mo ka tiyín, inú mi dùn, ó sì dùn mí díẹ̀. Níbí, ìsinmi ìbímọ lè gùn dé ọ̀sẹ̀ 52, kò sẹ́ni tó ń lé mi padà síṣẹ́. Àyè pọ̀. Èèyàn ni kò sí. Màmá mi ò rí físà gbà, iṣẹ́ òru ni ọkọ mi ń ṣe, wọn á wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ojú oorun, ta ni màá gbé ọmọ fún?

Ibi ìkàwé àdúgbò ni mo ti rí i. Àwọn ìyá àgbà kan máa ń jókòó pa pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́rú, wọ́n ń fi ìwọ̀ kékeré hun òwú. Òtútù ló lé mi wọlé lọ́jọ́ náà. Ìyá kan tó wá láti Jàmáíkà na ọwọ́, kò tiẹ̀ bi mí ní orúkọ, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó fi òwú àti ìwọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí ẹnì kan tí kì í ṣe bàbá rẹ̀ tàbí dókítà ti gbé ọmọ yẹn kẹ́yìn. Mo hun ìlà kan, ó wọ́, mo tú u, mo tún un hun. Fìlà tí ọmọ mi ń dé báyìí, tòun ti ibi tó wọ́ náà, ọwọ́ mi ló ti jáde.

Bàbá Ọmọ Méjì, Ìkẹjà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni mí, wọ́n ń fún bàbá ọmọ tuntun ní ìsinmi ọjọ́ 10. Ti àkọ́bí wa, mo fi ń gba àlejò ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó mi ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo rò pé ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́. Nígbà tó fi dọjọ́ kẹjọ, èmi nìkan ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wákàtí kan láràárọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọkọ yín. Ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti ka tiyín sí ọkọ mi létí.

Àǹtí mi ní Peckham, ọ̀rọ̀ ìyá tó na ọwọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Obìnrin kan wà lójúlé tó kọjú sí tiwa, ọmọ rẹ̀ ò tíì pé oṣù méjì, ọkọ rẹ̀ wà lókè Ọya níbi iṣẹ́. Mo máa ń kí i lókèèrè ni. Lónìí mo sọdá, mo ní kó gbé ọmọ fún mi kó lọ wẹ̀. Ó wò mí. Ó wẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ń gbọ́ ọ tó ń kọrin ní balùwẹ̀. Yóò tún gbé e wá lọ́la.

Ìyá Ìbejì, mo fi igi ewédú díẹ̀ sílẹ̀ láìgé, èso rẹ̀ ti gbẹ, mo ti gbọn ún sínú ike. Ẹ sọ ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn kí n fi rán an. Ẹ má gbàgbé omi gbígbóná: ení dé ẹ̀wá, kẹ́ ẹ yọ ọ́.