Ìsopọ̀, asopọ̀ tàbí ẹnu: orúkọ wo la fẹ́ fún àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ọ̀rọ̀: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ ìwé ìlànà àtúnṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká sí Yorùbá, ó sì bèèrè ohun tí ká máa pe àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń so bátìrì, sikirínì, pátákó ìtẹ̀wé àti eríálì mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ní ká pe gbogbo wọn ní ìsopọ̀. Ẹnì kejì ní asopọ̀ ló tọ́. Ẹnì kẹta mú irú kan nínú wọn tí àwọn atúnṣe ń pè ní ZIF, ó túmọ̀ rẹ̀ sí ìsopọ̀ aláìlágbára. Mo ní àríyànjiyàn pẹ̀lú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò rí bákan náà.

Ká mú ìsopọ̀ ná. Àfòmọ́ ì- tó wà níwájú rẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bí i ìjókòó àti ìrìn. Síso nǹkan pọ̀ ni ìsopọ̀, kì í ṣe ohun tí a fi so wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ìwé ìlànà bá ní “Yẹ ìsopọ̀ wò kí o tó tan ẹ̀rọ”, òǹkàwé kan á lọ wo Wi-Fi, èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ẹ̀rọ. Asopọ̀ sàn jù ú. A- olóhùn àárín yẹn la fi ń pe olùṣe, bí i apẹja àti aránṣọ, ó sì máa ń pe irinṣẹ́ náà: asẹ́ tí a fi ń sẹ́ nǹkan jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, mo gba asopọ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí a dúró síbẹ̀, nítorí àwọn ọmọ inú ìdílé náà kò jọ ara wọn, ọ̀nà tí ọ̀kan gbà ń tú ló ń kán èkejì.

Aláìlágbára ló wá le jù. Ohun tí àwọn lẹ́tà ZIF (zero insertion force lédè Gẹ̀ẹ́sì) dúró fún ni pé a kò nílò láti fi ipá ki okùn bọ inú rẹ̀. Okùn á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni ìdérí kékeré kan á wá tì í mọ́lẹ̀. Ní Yorùbá, ta là ń pè ní aláìlágbára? Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, tàbí ẹni tí àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdérí yìí bá ti tì, ó lè di okùn mú dáadáa. Ẹni tó bá fà á ní títì, okùn ni yóò ya. Ìtumọ̀ kejì tí òǹkàwé lè bá lọ tún burú ju ti àkọ́kọ́: agbára náà là ń pe iná mànàmáná nígbà míì. Ẹni tó bá rò pé ibi tí iná kò gbà kọjá ni à ń sọ, kò ní rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ń ki okùn sikirínì bọ àyè rẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí okùn náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ péré, iná lè ya sí ojú ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, kí fíúsì tó ń bójú tó iná ẹ̀yìn sikirínì sì jó. Sikirínì á ṣókùnkùn, oníbàárà á ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé òfin, ó túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A lè tún un ṣe sí àìfipákì, gírámà rẹ̀ á sì dúró. Ta ni yóò máa pè é lójú iṣẹ́?

Àbá tèmi, tí àwọn kan nínú yín ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, rèé: ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí a ti ń sọ ẹ̀yà ara. Ojú abẹ́rẹ́, eyín ìyarun, etí ìkòkò, ọrùn ìgò, ẹsẹ̀ tábìlì: kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣẹ̀dá ìkankan nínú wọn, gbogbo wa la sì mọ ibi tí a ó fọwọ́ sí bí a bá gbọ́ wọn. Ihò tí wọ́n fi òjé jó mọ́ ojú bọ́ọ̀dù, ká pè é ní ẹnu. Àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀, eyín. Okùn pẹlẹbẹ tó ń wọnú rẹ̀, ọ̀já ni mo fẹ́ kí a pè é, nítorí okùn máa ń roboto lójú inú wa, ọ̀já ló máa ń tẹ́. Orí ọ̀já tó wọ ẹnu, ahọ́n. Ìdérí tó ń tì í mọ́lẹ̀, ètè.

Ẹnì kan ti fèsì pé ìpéǹpéjú ló yẹ ìdérí náà, nítorí pé ó ń ṣí, ó ń pa dé lórí ìdè bí ìpéǹpéjú. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní eyín àti ahọ́n tán, ibo ni ojú ti wọ̀ ọ́? Àwọn tó kù ní bí a bá tẹ ìwé náà láìfàmì sí ọ̀rọ̀, ètè á di ète, àwọn èèyàn á rò pé ẹnì kan ń pète. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi, àìfàmìsí ni ká lọ wò sàn. Bí a bá ní kó máa yan ọ̀rọ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ mélòó ni yóò ṣẹ́ kù?

Àǹfààní tí mo rí nínú ìdílé ẹnu yìí ni pé àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ń tinú rẹ̀ jáde láìsí wàhálà. Ahọ́n ọ̀já ní ojú àti ẹ̀yìn: ojú ni apá tí ìlà irin rẹ̀ hàn sí, ẹ̀yìn ni apá tí wọ́n lẹ ike líle mọ́, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Eyín àwọn ẹnu kan wà lókè, ti àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀. “Kí ojú ahọ́n kọ sí eyín”: ẹ wo bí ó ti kúrú tó. Wọ́n sì máa ń fa ìlà funfun kan dábùú ẹ̀yìn ahọ́n mìíràn. Bí ìlà yẹn bá bá ẹnu dọ́gba láti ọ̀tún dé òsì, ahọ́n ti wọlé tán. Bó bá wọ́ sí apá kan, kí a má ṣe tì í, kí a fà á jáde ká tún un kì. Àlàfo tó wà láàrin ìlà irin kan àti èkejì kì í ju 0.5 mm lọ lára ọ̀pọ̀ wọn, òmíràn jẹ́ 0.3 mm. Kò sí àyè fún ká rọra dán an wò.

Ètè wá pín sí méjì, ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fún mi létí gidigidi. Ètè kan wà tó ń dìde: a ó fi èékánná tàbí ọ̀pá ike gbé etí rẹ̀ títí tí yóò fi nàró, ọ̀já á sì dẹ̀, a ó lè fà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ètè kejì kì í dìde, ńṣe ló ń yọ síwájú díẹ̀, bí mìlímítà kan, a ó sì máa ti igun rẹ̀ méjèèjì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé èkejì bí a ti ń gbé àkọ́kọ́ ti kán an nìyẹn. Nítorí náà mo dábàá ètè àgbésókè àti ètè àtìjáde. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ni mo lò, bí ti àkọsílẹ̀ àti àṣàyàn, nítorí àwa là ń gbé e, òun kọ́ ló ń gbé nǹkan. Kí olùtumọ̀ má sì gbàgbé láti kọ ọ́ pé ètè àgbésókè kan wà níwájú ẹnu, níbi tí ọ̀já gbà wọlé, òmíràn sì wà lẹ́yìn. Ojú là á kọ́kọ́ fi wá a, kì í ṣe ọwọ́.

Ẹnu aláìlétè náà wà. Eyín nìkan ló fi di ọ̀já mú. A ó fà á jáde ní tààrà, ó parí. Ẹni tó bá ń wá ètè tí kò sí níbẹ̀ kiri lè gbé gbogbo ẹnu kúrò lójú òjé tí wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Irú kejì kò ní ẹnu àti ahọ́n. Pátákó kékeré kan ló ń dojú bo ìkejì rẹ̀, tí eyín tibí ń wọ àlàfo tọ̀hún. Àwọn bátìrì kan ń lò ó. Ẹnì kan nínú yín pè é ní àfẹnukò. Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, àmọ́ ìfẹnukò ti di ohun tí ìpàdé fẹnu kò lé lórí, ìfẹnukonu sì wà nítòsí jù. Ọmọṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kó mí ìmí kékeré. Àdojúdé ni mo fẹ́. Ohun tí a bá dojú rẹ̀ dé, sókè là ń ṣí i. Orúkọ náà ti sọ fún ọwọ́ pé kò gbọ́dọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti eríálì Wi-Fi, àwọn irin roboto kékeré tí wọ́n ń pè ní U.FL àti èyí tó tún kéré sí i, MHF4, bọ́tìnì àtẹ̀mọ́ ni. Àwọn kan nínú yín ní ká má lo bọ́tìnì nítorí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Bọ́tìnì ti di tiwa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ni pé ààrin gbùngbùn ni a ó gbé e kà kí a tó tẹ̀ ẹ́, àti pé ìgbà tí a lè yọ ọ́ kí a sì dá a padà ní iye: ọgbọ̀n ìgbà ni àwọn tó ṣe U.FL ṣèlérí fún un. Ti fáànù àti sípíkà, tó ní wáyà wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, àkìbọ̀ tó o. Èjìká rẹ̀ là ń tì jáde, lọ́tùn-ún lósì, a kì í fa wáyà.

Ẹni tó ní asopọ̀ tó, tó bi mí pé kí ni a fẹ́ fi orúkọ tó pọ̀ tó yìí ṣe, ó tọ́ kí n dá a lóhùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí oníbàárà àti atúnṣe ń sọ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. “Asopọ̀ ti bàjẹ́” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Yorùbá kì í sọ pé gbogbo nǹkan bàjẹ́: ọ̀já a máa ya, wáyà a máa já, eyín a máa wọ́, ètè a máa kán, ẹnu a sì máa hú kúrò lójú bọ́ọ̀dù. Àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Eyín tó wọ́, a lè fi orí abẹ́rẹ́ nà án lábẹ́ awò. Ètè tó kán, bí eyín bá ṣì pé, a lè wá ètè mìíràn láti ara bọ́ọ̀dù tó ti kú, tàbí kí a fi ohun tín-ín-rín kan há ẹ̀yìn ahọ́n kó lè fara mọ́ eyín. Ẹnu tó hú, iṣẹ́ ẹni tó mọ òjé jó ni. Orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló jọ ń rìn. Bí a bá sọ orúkọ di ẹyọ kan, bàjẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò ṣẹ́ kù fún wa.

Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ ìpínrọ̀ kan láti fi dán wọn wò. Ẹ kà á sókè kí ẹ tó takò mí:

“Kọ́kọ́ ṣí àdojúdé bátìrì sókè. Tẹ bọ́tìnì ìtanná, dì í mú díẹ̀, kí iná tó kù nínú bọ́ọ̀dù lè tán. Wo ẹnu pátákó ìtẹ̀wé: bí ètè rẹ̀ bá jẹ́ àgbésókè, fi ọ̀pá ike gbé e láti ààrin. Di ahọ́n mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fà á jáde ní tààrà. Bí o bá fẹ́ dá a padà, jẹ́ kí ojú ahọ́n kọ sí eyín, tì í títí ìlà funfun yóò fi bá ẹnu dọ́gba, kí o tó pa ètè dé.”

Èyí tó ṣòro fún mi ni okùn sikirínì. Ẹnu rẹ̀ ní ìlà ọgbọ̀n tàbí ogójì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì sábà máa ń dì í mú, tí a ní láti ká sẹ́yìn kí a tó yọ orí okùn náà. Kì í ṣe ètè, nítorí ara okùn ló wà, kì í ṣe ara ẹnu. Ìdábùú ni mo ń pè é fún ìgbà díẹ̀, bí ìdábùú ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìdábùú ilẹ̀kùn kì í bá ilẹ̀kùn rìn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú, kó mú un wá kí olùtumọ̀ tó dé orí sikirínì.