Subwoofer ń gbọn ilẹ̀ onípákó, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ń ké, àwòrán projector ń jó: èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

PákóLókè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, mítà 5 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀. Pákó tí wọ́n kàn mọ́ orí igi ni ilẹ̀ rẹ̀. Subwoofer (sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde) onínṣì 12 wà ní kọ̀rọ̀, ó wúwo tó kìlò 20, àpótí rẹ̀ kò ní ihò. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wà lórí rẹ̀ ló tẹ̀lé e, ó fẹ̀yìn ti ògiri tó kúrú. Projector wà lókè, páìpù sẹ̀ǹtímítà 60 ló gbé e rọ̀, ó sì tó mítà 3 sí aṣọ ìwòran onínṣì 100.

Bí báàsì bá ti lọ sílẹ̀ dé bíi 35 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nǹkan kan á máa dún gbọ̀nrọ̀gbọ̀nrọ̀ nínú yàrá, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Bí mo bá ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo yí ohùn sókè, sípíkà á máa ké "hùùù", kò sì ní dákẹ́ àfi tí mo bá yí i wálẹ̀. Bí fíìmù bá dé ibi tí nǹkan ti ń bú gbàmù, àwòrán á máa gbọ̀n. Mo ti fi rọ́bà líle mẹ́rin tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sábẹ́ subwoofer, ó tún wá dà bíi pé ó burú sí i. Àwọn kan ní irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni kí n lò, àwọn mìíràn ní fóòmù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

BáàsìDídùn:

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí gbígbọ̀n yẹn ń gbà: ilẹ̀ ni, àbí afẹ́fẹ́? Ohunkóhun tí ẹ bá fi sábẹ́ subwoofer, ti ilẹ̀ nìkan ló lè dá dúró. Èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé rọ́bà wà níbẹ̀.

Ẹ yọ rọ́bà yẹn, ẹ gbé subwoofer lé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ di í mú kó má ṣubú, kí fóòmù má sì bo irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń gbóná. Ẹ tún ohùn kan náà gbé sí i láì fọwọ́ kan fólúùmù. Bí ariwo bá dákẹ́, ilẹ̀ ló ń gbà. Bí kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ni. Ìdánwò nìkan ni fóòmù yìí wà fún o. Bó bá pẹ́ lábẹ́ ẹrù, á tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní wúlò mọ́.

Fún ohùn ìdánwò, ẹ so fóònù mọ́ amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára), ẹ lo áàpù tó ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20 Hz, ẹ máa fi 1 Hz kún un títí dé 120. Ẹ má yí i sókè jù, nítorí irú ohùn tí kò sinmi báyìí máa ń mú wáyà inú sípíkà gbóná ju orin lọ. Ẹnì kan á dúró ti fóònù, ẹnì kejì á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù, férémù ara ògiri, fèrèsé, ìlẹ̀kùn, ìbòrí gílóòbù, wáyà tó fara kan ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ tí ariwo dá, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Àtúnṣe wọn kì í le. Ẹ lẹ aṣọ onírun tí wọ́n ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ àga mọ́ igun ìsàlẹ̀ férémù méjèèjì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí gíláàsì náà. Ìlẹ̀kùn tí kì í wọ férémù rẹ̀ dáadáa, fóòmù tíńrín tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ló ń fẹ́. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń ṣe èyí jù, nítorí ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń kàn án. Ẹ fi skúrù dè é ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn, kí ẹ sì fi igi kan dábùú àárín rẹ̀. Ẹ má gbàgbé skúrù sípíkà inú subwoofer fúnra rẹ̀. Ẹ fún wọn ní àgbélébùú, kí ẹ má sì fún wọn jù kí pákó má baà jẹ.

Ó ku 35 Hz yẹn. Ohùn ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá yín pín in: 343 ÷ 10 jẹ́ 34.3. Yàrá yín fúnra rẹ̀ ló ń gbé 34 Hz ga! Ẹ̀gbẹ́ ògiri kúkurú méjèèjì ló ti máa ń le jù, àárín gígùn yàrá ló ti máa ń rọ̀ jù, ẹ̀yin sì lọ gbé subwoofer sí kọ̀rọ̀. Ẹ sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn, kó jìnnà sí ògiri kúkurú tó mítà 2 sí 2.5. Bí amplifier yín bá ní EQ (ibi tí ẹ ti lè gbé ìwọ̀n Hz kan sókè tàbí wálẹ̀), ẹ fi bíi 6 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) gé 34 Hz wálẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ gé náà tóóró. Kò sí rọ́bà tó lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín.

OníSpring:

Mo gbè é lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí rọ́bà líle yẹn fi ba nǹkan jẹ́, nítorí inú kòtò yìí ni ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí.

Ohunkóhun tó bá tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ní ìwọ̀n Hz kan tó máa ń bá jó. Ẹ wọn bó ṣe tẹ̀ sílẹ̀ tó ní mìlímítà, ẹ wá square root rẹ̀, kí ẹ sì fi pín 15.8. Bó bá tẹ̀ ní mìlímítà 1, ó di 15.8 Hz. Mìlímítà 4, ó di bíi 8 Hz. Rọ́bà líle tó tẹ̀ ní ìdá mẹ́rin mìlímítà péré, 31.6 Hz ni tiẹ̀, àárín báàsì gan-an nìyẹn. Ó sì di ìgbà tí ohùn bá ga tó ìlọ́po 1.4 iye yẹn kí rọ́bà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín gbígbọ̀n kù. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣe ló ń fi kún un. Ìyẹn ni pé láti bíi 44 Hz wálẹ̀, rọ́bà yín ń ti ìṣòro náà lẹ́yìn ni.

Ẹ wá èyí tí á tẹ̀ ní mìlímítà 2.5 ó kéré tán, mìlímítà 4 ló dára jù, torí pé rọ́bà máa ń le sí i tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà tó kàn jókòó lọ. Ẹ gbé subwoofer lé kọnkéré pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40, tó nípọn ní 4. Á wúwo tó kìlò 15, àpótí kò sì ní lè máa mì síwá sẹ́yìn lórí ohun rírọ̀. Àpapọ̀ di kìlò 35, ó sì jẹ́ kìlò 8.75 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iwájú máa ń wúwo ju ẹ̀yìn lọ nítorí mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ìwọ̀n sábẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí pákó tó ga tó o wà lábẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n kọ irú ẹrù yẹn sí lára. Èyí tó lè gbé kìlò 40 kò ní tẹ̀, èyí tó wà fún kìlò 3 á tẹ̀ dé ìdí, ọ̀kan náà sì ni àwọn méjèèjì: wọn ò ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ ti orí rẹ̀ díẹ̀. Ó yẹ kó mì ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó dúró. Bó bá fara kan ògiri níbi kan ṣoṣo, tàbí wáyà rẹ̀ bá nà tantan, asán ni gbogbo rẹ̀.

Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ńkọ́? Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gún kápẹ́ẹ̀tì kọjá kí sípíkà má baà mì. Ó dára lórí kọnkéré tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń tà á ní gbígbọ̀n á gba ẹnu rẹ̀ jáde, kò ní padà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Lórí pákó, ṣe ló máa so àpótí mọ́ ilẹ̀ pinpin.

PákóLókè:

Ẹ ṣé gan-an. Lórí fóòmù, ariwo 34 Hz kò yí padà, pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ṣe é lóòótọ́. Kíké rẹ́kọ́ọ̀dù dín kù, kò tán. Ṣé kí n wá fi rọ́bà rírọ̀ yẹn sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà?

Abẹ́rẹ́LórÍÀwo:

Rárá, ẹ dúró ná. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ náà ní ibi tó ti ń jó, bíi 8 sí 12 Hz, ibẹ̀ gan-an sì ni rọ́bà tó tẹ̀ ní mìlímítà 2 sí 4 ń bọ́ sí. Ẹni tó bá rìn kọjá lórí pákó yẹn á mú kí abẹ́rẹ́ fò.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ pa mọ́tò, kí àwo má yí, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ máa yí fólúùmù sókè díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ má kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìka kan orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí sípíkà bá dún "gbì" tó sì dákẹ́, ó ṣì dára. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ fúnra rẹ̀, ẹ yí i wálẹ̀ kíá. Ibi tí fólúùmù dé nígbà náà ni ẹ máa fi mọ̀ bóyá àtúnṣe yín ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí mo gbàgbọ́ nínú jù lórí ilẹ̀ pákó ni pẹpẹ ara ògiri. Ẹ fi bóòtì dè é mọ́ ògiri líle, kì í ṣe síìlì bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e sí ògiri gígùn tó dojú kọ èyí tí subwoofer wà báyìí, ní àárín rẹ̀, níbi tí 34 Hz ti rọ̀. Pẹpẹ fífúyẹ́ tó le ló dára, ẹ fi spirit level wò ó. Bí ẹ̀rọ yín bá ní spring nínú tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ohun rírọ̀ kankan kún un.

Bí kò bá sí ògiri tó ṣeé dè mọ́, ẹ fi tíúbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí ẹ fẹ́ díẹ̀ sábẹ́ pákó tó nípọn, kí pákó kàn léfòó lórí rẹ̀. Ó lè bọ́ sí bíi 3 sí 5 Hz, ìyẹn wà nísàlẹ̀ ti apá abẹ́rẹ́. Aléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń jò, ẹ ó máa tún un fẹ́, ẹ ó sì máa tún un tò kó tẹ́jú. Ẹ ṣí ìbòrí oníke kúrò pátápátá tí àwo bá ń yí, torí pé ó ń gba ohùn afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí amplifier bá ní bọ́tìnì tó ń gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 20 Hz, ẹ tẹ̀ ẹ́.

ÀwòránDúró:

Ti projector: ẹ kọ́kọ́ pa ohùn pátápátá, kí ẹ wo àwòrán onílà tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìlà bá ṣì ń gbọ̀n, fáànù inú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ìdọ̀tí ti mú apá fáànù wúwo lápá kan, ẹ nù ún.

Bó bá jẹ́ báàsì ló fà á, páìpù yẹn ló jẹ̀bi. Ní mítà 3, bí projector bá yí ní ìdá mẹ́wàá dígíríì kan péré, àwòrán á sún ní mìlímítà 5. Aṣọ onínṣì 100 fẹ̀ tó mítà 2.2, bó bá jẹ́ pixel 1920 (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) ló wà ní fífẹ̀ rẹ̀, mìlímítà 5 ju pixel mẹ́rin lọ. Ẹ gé páìpù kúrú bó bá ṣe lè kúrú tó, kí ẹ fi lens shift (ohun tó ń sún àwòrán láì yí projector fúnra rẹ̀) gbé àwòrán wálẹ̀ dípò páìpù gígùn. Igi tó gbé àjà ró ni kí skúrù wọ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀dù síìlì, torí bọ́ọ̀dù náà ń jó pẹ̀lú báàsì. Bí ẹ ò bá lè gé páìpù, ẹ na wáyà irin tíńrín mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ páìpù lọ sí igi àjà, kí wọ́n yà síra bí ẹsẹ̀ ààrò, kí wọ́n fà le dọ́gba. Ẹ má fi rọ́bà rírọ̀ sí àárín páìpù àti àjà. Á máa fì dirodiro ni, àwòrán á sì máa lọ bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún gbogbo oríkèé tí ẹ fi ń yí ojú rẹ̀ le, torí àwọn ni wọ́n máa ń tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì fi wáyà ààbò kan sí i tó lè gbé ìwọ̀n projector náà bí skúrù bá yọ.