Ṣé èèyàn lè fi doubles nìkan jẹun nínú tẹníìsì?

Òbí_Ìbarà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 17, Kútọ̀ ló ti ń gbá tẹníìsì. Sáàfù rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, le, ọwọ́ rẹ̀ sì yá nídìí nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí singles (ẹnì kan sí ẹnì kan) bá ti gùn díẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kóòṣì ní ká kúkú gbájú mọ́ doubles (ẹni méjì sí ẹni méjì). Ṣé iṣẹ́ tó ṣeé jẹun ni? Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Ọmọ_Ṣódẹkẹ́:
Ó ṣeé jẹun, àmọ́ kì í ṣe ibi ìsinmi fún ẹni tí singles lé dànù o. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Orúkọ ẹni méjì ni wọ́n ń fi wọ ìdíje, ipò tí àwọn méjèèjì wà lágbàáyé ni wọ́n sì ń rò pọ̀. Bí ọ̀kan bá wà ní ipò 400, tí èkejì wà ní 350, 750 lẹ fi ń tò. Àwọn tí àròpọ̀ wọn kéré jù ló ń wọlé. Ẹgbẹ́ 16 péré ni ọ̀pọ̀ ìdíje kéékèèké ń gbà. Wọ́n sì máa ń gba ipò singles láti fi wọ doubles, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó pa singles tì báyìí.

Ní ti bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ gba IPIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ agbábọ́ọ̀lù, lọ́dọ̀ ITF, àjọ tẹníìsì àgbáyé, láìsí i, kò lè wọ ìdíje wọn kankan. Ó ṣì lè gbá ti ọ̀dọ́ títí di òpin ọdún tó bá pé 18. J30 ni àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn pé nínú ipò ọ̀dọ́, èsì singles mẹ́fà tó dára jù ni wọ́n ń kà pé, ti doubles mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan M15, àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ti àgbà ọkùnrin, tí owó rẹ̀ jẹ́ $15,000. $15,000 yẹn kì í ṣe ti ẹni tó borí o! Owó gbogbo ìdíje ni. Singles ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀yin àti ẹnìkejì á wá pín ìwọ̀nba tó kàn yín sí méjì. Kò lè san owó ọkọ̀ òfuurufú. Póìntì tẹ́ ẹ bá sì rí, ọ̀sẹ̀ 52 ló ń lò, lẹ́yìn náà ó ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn ni yunifásítì Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, bí ilé ìwé méjì bá pàdé, ìdíje doubles mẹ́ta ni wọ́n ń fi du póìntì kan, kí wọ́n tó gbá singles mẹ́fà. Kóòṣì ibẹ̀ mọyì ẹni tó mọ doubles. Yunifásítì Houston ni Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, gbà kọjá kó tó dé ìpele kẹrin ní Wimbledon lọ́dún 1983.

Ìsàlẹ̀_Olúmọ:
Ọmọ Ṣódẹkẹ́ ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ ká wọ inú kọ́ọ̀tù. Ti doubles fẹ̀ ní mítà 10.97, ti singles jẹ́ 8.23. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń tan àwọn ọmọdé jẹ, bẹ́ẹ̀ àárín ni ìjà wà. Nẹ́ẹ̀tì ga ní sẹ̀ǹtímítà 91.4 láàárín, ó tó 107 nídìí òpó. Ẹni tó bá ń gbá a gba ẹ̀gbẹ́ òpó nígbà gbogbo ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nẹ́ẹ̀tì sókè ni.

Bí ó bá ń gba sáàfù, kó máa wá ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn sáàfù. Bọ́ọ̀lù tó bá ga, ẹni tó dúró nídìí nẹ́ẹ̀tì á là á mọ́lẹ̀ bí igi ìdáná. Bó bá jẹ́ òun ló wà níwájú, kó fi ọwọ́ sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀ láti fi àmì hàn: ìkúùkù, mo dúró, àtẹ́lẹwọ́ títẹ́, mo ń kọjá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kó tètè gbéra. Ìgbà tí rákẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń gbà á bá ti ń bọ̀ síwájú, tí kò lè yí ọkàn padà mọ́, ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ sún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè tó fi sílẹ̀ ni wọn á gbá a gbà.

Kó sì mọ ìṣirò rẹ̀. Lọ́dọ̀ ATP, àjọ àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹníìsì jẹun, ayò kan ṣoṣo ló ń pa géèmù ní 40-40, ẹgbẹ́ tó ń gba sáàfù ló ń yan apá tí wọ́n fẹ́ gbà á sí, ọ̀tún tàbí òsì. Bí sẹ́ẹ̀tì bá di ọ̀kan-ọ̀kan, wọn kì í gbá ìkẹta, wọ́n á sá dé ayò 10 ni, wọn á sì fi 2 jura. Wimbledon ò bá wọn dá irú ẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni ti ọkùnrin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta.

Òbí_Ìbarà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Irú ẹni wo ló wá yẹ kó bá gbá? Ṣé 17 ò sì ti pẹ́ jù?

Ìsàlẹ̀_Olúmọ:
Pẹ́ kẹ̀? Rohan Bopanna ará Íńdíà pé ẹni 43 kó tó gba doubles ọkùnrin ní Australian Open pẹ̀lú Matthew Ebden ní 2024, oṣù yẹn náà ló bọ́ sí ipò kìíní lágbàáyé nínú doubles. Doubles ń gbé èèyàn pẹ́ ju singles lọ.

Ní ti ẹnìkejì, bẹ́ ẹ bá rí ọlọ́wọ́ òsì tó ń gbá dáadáa, ẹ má jẹ́ kó lọ. Nínú doubles, ìkangun kọ́ọ̀tù kan náà ni ẹni kọ̀ọ̀kan yóò ti máa ṣe sáàfù títí sẹ́ẹ̀tì yóò fi parí. Ní Kútọ̀ nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ń wọ ẹni lójú ní ìkangun kan, ojú ibi tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún ti ń ju bọ́ọ̀lù sókè kọ́ ni ti ọlọ́wọ́ òsì. Kí wọ́n pín ìkangun náà láàárín ara wọn kí sẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àtúnṣe. Ìbejì Bryan, ará Amẹ́ríkà, rí i lò: Mike ni Táíwò, ọlọ́wọ́ ọ̀tún, Bob ni Kẹ́hìndé, ọlọ́wọ́ òsì. Grand Slam (ìdíje mẹ́rin tó ga jù lọ́dún) 16 ni wọ́n jọ gbà, ìdíje 119 lápapọ̀.

Ahunrákẹ́ẹ̀tì:
Ẹ̀yin ò tíì dárúkọ okùn rákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má máa ra okùn polyester ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra ìdì mítà 200. Rákẹ́ẹ̀tì kan ń gba nǹkan bíi mítà 12, á fún yín tó 16. Kó má dúró dìgbà tó bá já o. Okùn yẹn máa ń kú kó tó já: bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá ìlà ẹ̀yìn, ìgúnpá á máa ro ó, wọ́n á ní sáàfù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ gé e, ẹ hun tuntun. Rákẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n hun bákan náà ló kéré jù tó lè gbé lọ sí ìdíje. Ẹ má sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta.