Wákàtí mẹ́ta nínú kùrukùru nítorí waypoint (àmì ojú ọ̀nà inú GPS) tí wọ́n fún mi. Ta ló jẹ̀bi?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú ni inú ti ń bí mi, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọdún kejì rèé tí mo ti wà lẹ́nu Pennine Way yìí, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ ilẹ̀ England. Kìlómítà 431, láti Edale títí dé Kirk Yetholm ní Scotland. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bù ú jẹ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ọjọ́ mẹ́ta lónìí, ọjọ́ méjì nígbà mìíràn. Bàtà tí mo rà nìkan, kí n má sọ iye rẹ̀ níbí kí àwọn ọmọ mi má baà rí i. Èyí àgbà obìnrin ní, "Mummy, ẹ jókòó sílé." Mo ní dókítà ló ní kí n máa rìn, àbí kò sọ ọ́ lójú rẹ ni?

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yìí, n kò ní dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀, ló fi àwọn waypoint Dufton sí Alston ránṣẹ́ sí mi. Mo dúpẹ́, mo gbàdúrà fún un àti ìyàwó rẹ̀. Mo dé orí òkè Cross Fell, kùrukùru bolẹ̀, n kò rí ọwọ́ ara mi. Ẹ̀rọ ní síwájú, mo lọ síwájú. Ó tún ní síwájú, mo tún lọ. Wákàtí mẹ́ta nínú ẹrẹ̀! Omi wọ bàtà olówó gọbọi yẹn. Búrẹ́dì tí mo fi ẹyin sí di ògì. Àfìgbà tí Ọlọ́run ká kùrukùru kúrò ni mo tó rí òrùlé Greg's Hut, ahéré tí àwọn arìnrìn-àjò ń sá sí, lẹ́yìn mi. LẸ́YÌN MI o. Ibẹ̀ ni mo sùn mọ́jú, lórí pákó, pẹ̀lú ọmọkùnrin òyìnbó méjì tí wọ́n ń hanrun.

Ẹni tó mọ̀ pé àmì òun ò péye, kí ló dé tó fi ń pín in fún ọmọ ẹlòmíràn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀nà ṣì pọ̀ níwájú mi.

Bàbá Tòkunbọ̀
Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run ò ní fi wá ṣèsìn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi wo àwọn àmì náà? Fóònù ni, àbí GPS ọwọ́? Fáìlì ni wọ́n fún yín, àbí nọ́ńbà lásán? Ẹ sọ ìyẹn ná.

Auntie Peckham
Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún mélòó lo pe ara rẹ? Páàkì ò sí ní Leeds ni? Nígbà tí a wà lọ́mọdé l'Abẹ́òkúta, a ń gun Olúmọ láìsí GPS kankan, a sì máa ń délé kí àmàlà tó tutù. Dókítà ní kí o rìn, kò ní kí o lọ kú.

Ọlá Atlanta
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Appalachian Trail tó gba Georgia lọ títí dé Maine, ọ̀dà funfun ni wọ́n ń kùn sára igi, íńṣì 2 ní íńṣì 6. Bí o bá rìn tí o ò rí funfun mọ́, padà. Síbẹ̀ èmi àti ọkọ mi jìyà waypoint rí. Ẹnì kan sàmì sí orísun omi kan lórí áàpù, a dé ibẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ewé ń dún kéé lábẹ́ ẹsẹ̀. Oṣù kẹrin lẹni yẹn kọjá, àwa dé ní oṣù kẹsàn-án. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, bíi pé èmi ni mo mu omi náà tán. Látìgbà náà, mo máa ń wo ọjọ́ tí wọ́n fi àmì sílẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́.

Kọ́lá Manchester
Datum ni, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń wọn ibi lórí máàpù. Ẹnu mi ti gbẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ yìí. Satẹ́láìtì ń lo WGS84, máàpù Ordnance Survey ti Britain ń lo OSGB36. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, àmì rẹ̀ á fi nǹkan bí 100 mítà yẹ̀. Ẹ lọ sí settings, ẹ yí i. Ó parí.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n mi Auntie Peckham, ẹni ọdún 57 ni mí, eékún mi sì dára ju ti àwọn tó ń jókòó wo tẹlifíṣọ̀n lọ. Ọlá, ẹ ṣeun, ìwọ ló yé. Ẹni tó ń pín àmì ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá Tòkunbọ̀
Kọ́lá, 100 mítà kò lè gbé èèyàn kọjá Greg's Hut fún wákàtí mẹ́ta. Mo ti ń lo GPS kí Amẹ́ríkà tó yọ ìdíwọ́ tí wọ́n fi ń dà á rú lọ́dún 2000. Nígbà yẹn, 100 mítà ni àṣìṣe ojoojúmọ́, a sì ń délé.
Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Kọ́lá Manchester
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ sà, nínú kùrukùru 100 mítà tó láti pààyàn.

Bàbá Tòkunbọ̀
N kò ní kò tó. Mo ní ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ síbí.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ kú ewu, mà. Èmi ni ẹni tí ẹ ò dárúkọ. Mo ti rin ìpele yẹn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àmì kan náà, 41 ni wọ́n, orí ọ̀nà gan-an ni gbogbo wọn wà. Fáìlì GPX, irú èyí tí ẹ̀rọ GPS ń kà, ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ní kò ṣí. Mo wá ya fọ́tò ibi tí nọ́ńbà wọn wà lójú kọ̀ǹpútà mi, pé kí ẹ ní in lórí ìwé bí fóònù bá kú. Èwo lẹ lò nínú méjèèjì, mà?

Ìyá Ìbejì
Ohun tí o fún mi ni mo lò. Fóònù mi kì í gba irú fáìlì yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí lórí òkè, GPS fóònù ò lè ṣiṣẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀. GPS ọwọ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ kó tó jáde láyé ni mo gbé lọ. Ẹ̀rọ gidi ni, ó sin ọkọ mi títí dọjọ́ ikú. Mo jókòó, mo wọ awò ojú, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ àwọn nọ́ńbà inú fọ́tò yẹn sínú rẹ̀, odidi alẹ́ méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò múra.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Mummy, ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe o. GPS inú fóònù ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, ojú ọ̀run ló ń bá sọ̀rọ̀. Máàpù ló ń fẹ́ dátà, ẹ sì lè gbà á sílẹ̀ láti ilé. Tèmi máa ń wà ní airplane mode látàárọ̀ dalẹ́ kí bátìrì má baà tán, ó sì ń fi ibi tí mo wà hàn mí. Otútù ni ọ̀tá rẹ̀. Àyà ni mo ń gbé e sí, lábẹ́ aṣọ.

Auntie Peckham
Lábẹ́ aṣọ kẹ̀. Ẹ lọ gbé sílé.

Ọmọ Ìdànrè
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàpèjúwe bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú nọ́ńbà kan.

Ìyá Ìbejì
Ṣé ìdánwò ni? Èyí tó wà níwájú mi: N 54, lẹ́yìn náà 42.502. Mo tẹ 54, mo tẹ 42, mo tẹ 502. Nọ́ńbà mẹ́ta ló kù nínú fọ́tò, àyè mẹ́ta ló kù lójú ẹ̀rọ, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ kọ̀, ó ń dún píì, mo bá fò wọ́n. Nínú 41, mẹ́rìnlá wọlé. Mo gbà pé àwọn tó ṣe pàtàkì nìyẹn.

Kọ́lá Manchester
Mẹ́rìnlá nínú 41, ẹ sì jáde nílé?

Ọmọ Ìdànrè
Mà, àwọn tó kọ̀ yẹn, ẹ bá mi wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì kékeré (.) àárín náà. Kí ló fi ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Ẹ dúró kí n mú ìwé. 7. Ọ̀kan 9. 6. 8. Omíràn tí ti òkè rẹ̀ (àríwá) dára, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ (ìwọ̀-oòrùn) jẹ́ 7. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 tàbí 3 lókè àti nísàlẹ̀ tí ẹ̀rọ kọ̀. Kí ló kan ìyẹn?

Bàbá Tòkunbọ̀
Ó ti yé mi. Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Dígíríì kan ní ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú kan sì ní ìṣẹ́jú àáyá 60. Ohun tó wà nínú fọ́tò ni ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìdá rẹ̀: 42.502 jẹ́ ìṣẹ́jú 42 àti ààbọ̀, ó lé fín-ín. Ẹ̀rọ ọkọ yín, ìṣẹ́jú àáyá ló ń béèrè ní àyè mẹ́ta tó kù yẹn. Ẹ bá tẹ àáyá 50.2 fún un. Bẹ́ẹ̀ ààbọ̀ ìṣẹ́jú, àáyá 30 ni. Ẹ fi 20 lé e. Àáyá kan sí àríwá jẹ́ nǹkan bíi mítà 31. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: mítà 620. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 sókè kò lè wọlé, torí àáyá kì í kọjá 59. Píì tí ẹ̀rọ ń dún yẹn, ẹ̀rọ ń kìlọ̀ fún yín ni.

Ọmọ Ìdànrè
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kì í sì í ṣe pé ó fọ́n wọn káàkiri o. Gbogbo àṣìṣe yẹn ló ń ti àmì sí àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Mà, nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí Cross Fell, ṣé ẹ kọjá ọ̀nà kan tí ó hàn dáadáa, tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Mo rí i. Ẹ̀rọ ní síwájú, mo sọdá rẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè
Ọ̀nà yín nìyẹn mà. Ká ní ẹ yà sọ́tùn-ún, kò ní pẹ́ rárá tí ẹ fi máa bá Greg's Hut. Corpse Road ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú gbà láti Garrigill lọ sin sí Kirkland láyé àtijọ́.

Auntie Peckham
Ọ̀NÀ ÒKÚ! Ó parí. Ìyá Ìbejì, bá mi da bàtà yẹn nù.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Ọmọ Ìdànrè, èmi á bá ọ wí díẹ̀ o. Mo ṣí fáìlì rẹ báyìí. 001, 002, títí dé 041. Kò sí orúkọ kan. Ta ni yóò mọ̀ pé 023 ni ibi tí èèyàn ti ń yà sọ́tùn-ún? Ká ní o kọ "yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà òkúta" síbẹ̀, Mummy ì bá ti dúró. O ò kọ oríṣi nọ́ńbà tí o lò, o ò kọ ọjọ́ tí o rìn ín.

Ọmọ Ìdànrè
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ti orúkọ, ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Mummy pé "dígíríì àti ìṣẹ́jú ni, mà".

Ìyá Ìbejì
Ṣé ẹ rí i? Nọ́ọ̀sì gbè mí. Mo gbọ́ ohùn náà. O ní ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú àáyá ńkọ́, ṣé kì í ṣe ìṣẹ́jú ni? Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu tèmi. Kí o ti sọ fún mi pé kò sí àáyá níbẹ̀.

Bàbá Tòkunbọ̀
Ìyẹn náà lọ́gbọ́n nínú. Ẹ pa mẹ́rìnlá yẹn rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi wáyà kó fáìlì náà wọ inú rẹ̀. Ká tó kúrò nílé, a máa ń wo gbogbo àmì lórí máàpù lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá jìnnà sí ọ̀nà á hàn. Òkun Àríwá ni mo ti bá tèmi rí, torí mo gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú nọ́ńbà ìwọ̀-oòrùn.

Kọ́lá Manchester
Kí ẹ sì yẹ datum wò.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó dára. Báwo ni màá wá ṣe ṣàlàyé fún àwọn ìyá Dọ́kásì?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Àwọn ìyá wo?

Ìyá Ìbejì
Àwọn mẹ́fà nínú ìjọ wa. Wọ́n rí fọ́tò mi orí WhatsApp, ó wù wọ́n. Kí n tó lọ, ọmọ mi ọkùnrin bá mi fa àmì mẹ́rìnlá yẹn jáde látinú ẹ̀rọ, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fẹ́ rìn láti Dufton láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti sọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé pé òkè yẹn le, kí wọ́n gbàdúrà.

Ọmọ Ìdànrè
MÀ.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Mummy, ẹ pe wọ́n NÍSINSÌNYÍ. Má fi ohùn ránṣẹ́, ẹ pè. Kí wọ́n pa á rẹ́. Ṣé ẹnì kankan nínú wọn mọ kọ́ńpáàsì lò? Ṣé wọ́n ní fèrè? Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fọn ún, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún fọn ún. 999, kí wọ́n ní ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà mountain rescue. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ "register" ránṣẹ́ sí 999 lálẹ́ yìí, kí wọ́n lè kọ téẹ̀sì níbi tí ìpè ò bá ti lọ.

Auntie Peckham
Mẹ́fà? Ìyá Ìbejì, n kò bá ọ jà mọ́. Jọ̀ọ́ pè wọ́n.

Bàbá Tòkunbọ̀
Kí wọ́n má tilẹ̀ gun òkè lọ́la bí kùrukùru bá wà. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ìyá Ìbejì
Mo ti bá ààrẹ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Leeds, wọ́n ń kọrin, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Mo ní kó pa àmì yẹn rẹ́ lórí fóònù. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun sì ti fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò.

Ọmọ Ìdànrè
Mà, ẹ fi nọ́ńbà ààrẹ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Aago mélòó ni wọ́n máa dé Appleby, níbi tí wọ́n ti máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin?