Ẹyẹ wo ló dá yín dúró lójú ọ̀nà nígbà ìrúwé yìí?

Awóyẹ
Ẹ kú ojú lọ́nà o. Oṣù Karùn-ún ti wọlé, àwọn ẹyẹ ti ń padà bọ̀ láti gúúsù. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí nǹkan, kó wá sọ ọ́ níbí. Kò di dandan kó jẹ́ ẹyẹ ọ̀wọ́n. Èmi rí scarlet tanager lórí wáyà iná: ara pupa fòò, apá dúdú kirikiri. Iwájú ibi iṣẹ́ gan-an ni mo wà tí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọmọ Akin
Ọrùn ń dùn mí, mi ò tíì rí ẹyẹ kankan.

Kọ̀ǹdó
Orí igi lo tẹjú mọ́. Lọ sẹ́bàá omi.

Ìyá Dérà
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá mọ Point Pelee ní Kánádà á mọ̀ pé ilẹ̀ ṣóńṣó kan ni, tó yọ wọnú adágún Erie. Òru ni àwọn ẹyẹ kéékèèké yìí ń rìn. Bí òjò àti atẹ́gùn bá pàdé wọn lójú omi, ilẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa já lé. Òjò sì rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ìgbà tí a débẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà! Blackburnian warbler, ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ kéékèèké yìí, tó jẹ́ pé òkè téńté là ń wò ó títí ọrùn á fi máa dun Ọmọ Akin, àárín òkúta ló ti ń ṣa kòkòrò jẹ lẹ́bàá bàtà mi. Ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ ṣì tutù, ó ti lẹ̀ pọ̀ débi pé mò ń rí awọ ara rẹ̀ láàárín. Ó fa kòkòrò kan yọ lábẹ́ ewé, ó nà án mọ́ òkúta lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e mì, kò tilẹ̀ wojú mi. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀.

Bí ọkùnrin kan ṣe dé nìyẹn, kámẹ́rà rẹ̀ gùn ju apá mi lọ. Ó yọ fóònù, ó tan orin ẹyẹ náà kí ẹyẹ lè kọjú sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa orin yẹn." Ó ní ṣé èmi ni mo ni ẹyẹ ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Awóyẹ
Háà! Ẹ kò fọ́ ọ létí?

Kámẹ́rà Lójú
Mọ̀mí, ẹ má bínú o, àmọ́ kí ni orin ìṣẹ́jú kan fẹ́ fi ẹyẹ ṣe? Èmi náà máa ń tan án. Ẹyẹ á wá, á wò yí ká, á bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá Àlàbá
Ẹyẹ ò mọ̀ pé fóònù ni. Lójú tiẹ̀, akọ mìíràn ló wọlé wá gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́, ìjà ló sì ń bọ̀ wá jà yẹn. Ẹ rántí ibi tó ti ń bọ̀. Hummingbird ọlọ́fun pupa, tí ara rẹ̀ kò ju gíráàmù 3 tàbí 4 lọ, ń fò kọjá lórí òkun Gulf of Mexico láìdúró, ó tó kìlómítà 800. Ọ̀rá tó kó sára ló ń jó títí á fi gúnlẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti irú ibẹ̀, oúnjẹ àti ìsinmi ló kàn án. Ẹ̀yin wá ní kó wá bá fóònù jà.

Kámẹ́rà Lójú
Bàbá, àwọn afinimọ̀nà tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn ńkọ́? Àwọn náà ń tan án.

Ìyá Dérà
Owó tí wọ́n gbà ò sọ ọ́ di ohun tó dáa.

Ọmọ Akin
Ìyá Dérà, ẹ fi ọrùn mi sílẹ̀ o.

Abẹ́ Òrùlé
Èmi kì í jáde ní tèmi, ojú fèrèsé ni. Mo máa ń ṣí Merlin, áàpù tó ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀, sílẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀, á máa gbọ́, á máa kọ orúkọ wọn lọ. Lánàá ó kọ red-shouldered hawk. Mo sáré yọjú. Kò sí àṣá kankan. Blue jay ló jókòó tẹ̀ǹtẹ̀ tó ń fi ohùn àṣá ké.

Awóyẹ
Onírọ́ ẹyẹ 😂

Kọ̀ǹdó
Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé ẹyẹ tí ojú ẹni ò bá rí, kéèyàn má kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á jókòó sórí àga, fóònù á bá wọn ka ẹyẹ ogójì, wọ́n á ní àwọn ti wo ẹyẹ.

Ọlọ́run Ò Sùn
Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹdó, ojú àǹtí mi kan ò ríran mọ́ dáadáa, etí ló fi ń mọ gbogbo wọn. Ṣé tiẹ̀ náà ò kà ni?

Kọ̀ǹdó
Tiẹ̀ kà. Etí ara rẹ̀ ni. Kì í ṣe etí fóònù.

Abẹ́ Òrùlé
Ẹ wá wo ìwà o. Èmi ni mo kúkú yọjú tí mo fi mọ̀ pé blue jay ni!

Ará Brussels
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ tó ń fi ohùn ẹlòmíràn ké, ẹ ò tíì gbọ́ marsh warbler. Níbí ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó máa ń pẹ́ dé, ìgbà tí oṣù Karùn-ún bá ti ń parí lọ. Kò lẹ́wà rárá, àwọ̀ erùpẹ̀ lásán, inú koríko gíga létí odò ló ń gbé. Mo dúró tì í láàárọ̀. Ó ké bí alápàńdẹ̀dẹ̀, ó ké bí ológoṣẹ́, kò mí, ó tún bọ́ sórí ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹyẹ Yúróòpù kankan rí. Olùwádìí kan níbí ti kà wọ́n nígbà kan ní àwọn ọdún 1970: ohùn oríṣi ẹyẹ tó lé ní 200 ló bá lẹ́nu wọn, èyí tó ju ìdajì lọ sì jẹ́ ti ẹyẹ Áfíríkà. Ọdún àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ló fi ń kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ìyá Dérà
Yéè! Ó gbé ohùn ilé wá bá yín. Ará wa ni.

Bàbá Àlàbá
Ẹ rọra, ìyá. Ìhà ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló máa ń lọ nígbà òtútù, Zambia, Malawi àti àyíká ibẹ̀. Kò ya ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń wá ará ilé, cuckoo ni kó lọ wò. Láti ọdún 2011 ni àwọn BTO, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí ẹyẹ ní Bìrìtéènì, ti ń de ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lẹ́yìn láti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀ ní ìrúwé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń jẹun yó kí wọ́n tó kọjú sí Sàhárà.

Awóyẹ
Cuckoo tó ń yé ẹyin sínú ilé onílé? Bàbá, ẹ wá ará ilé mìíràn fún wa.

Ọlọ́run Ò Sùn
😂😂 Ó tún ń ta ọmọ onílé dànù.

Ará Brussels
Kí ẹ̀rọ tó dé, báwo làwọn aláwọ̀ funfun ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ?

Bàbá Àlàbá
Wọn ò mọ̀. Àwọn kan gbà pé alápàńdẹ̀dẹ̀ ń sùn sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò títí òtútù á fi lọ. Ọdún 1822 ni ẹyẹ àkọ̀ funfun kan bọ́ sí Jámánì, nítòsí Klütz, tòun ti ọfà gígùn tó gún un lọ́rùn gba òdìkejì yọ. Igi ọfà náà wá láti àárín Áfíríkà. Kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé inú ẹrẹ̀ ló sùn sí.

Kọ̀ǹdó
Ọfà wo ló máa gún ẹyẹ lọ́rùn tí ẹyẹ á tún fò dé Jámánì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dín in kù díẹ̀.

Bàbá Àlàbá
Wọ́n ti fi nǹkan kún inú awọ rẹ̀, ó wà ní yunifásítì Rostock dòní, ọfà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í tún ṣe òun nìkan, wọ́n ti rí irú rẹ̀ tó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Kọ̀ǹdó
Mo ti wo àwòrán rẹ̀. Ó dáa. Kí ló wá pa á?

Bàbá Àlàbá
Ìbọn. Jámánì náà ni wọ́n ti yìn ún.

Ìyá Dérà
Ẹyẹ ye ọfà, ó ye gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn. Ọmọ aráyé!

Abẹ́ Òrùlé
Ẹ gbà mí. Ẹyẹ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ forí sọ gíláàsì mi báyìí, ó wà nílẹ̀ níta, ó ń mí. Mo sì ti lẹ àwòrán àṣá mọ́ gíláàsì náà o!

Awóyẹ
Páálí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, fi aṣọ rírọ̀ sí i, dé e, gbé e síbi tó dákẹ́. Má fún un lómi, má fún un lóúnjẹ. Tó bá ti ń jà nínú páálí, gbé e síta kó o ṣí i. Tí kò bá gbéra lẹ́yìn wákàtí kan, pe àwọn tó ń tọ́jú ẹyẹ igbó.

Kọ̀ǹdó
Àṣá tí kò mira, ta ló ń bẹ̀rù rẹ̀? Àmì kéékèèké ni kó o fi kún gíláàsì náà láti ìta, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Kó o sì máa pa iná lóru.

Abẹ́ Òrùlé
Ó ti lọ! Ó ṣu sínú páálí kó tó lọ.

Àdùkẹ́ Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí ni. Bàìnọ́kúlà wo ni kí n rà, 8x42 tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà mẹ́jọ, àbí 10x42 tó ń sọ ọ́ di ńlá lọ́nà mẹ́wàá?

Kọ̀ǹdó
10x. Àwòdì tó wà lókè réré, kí lo fẹ́ fi 8x rí lára rẹ̀?

Ìyá Dérà
8x, ọmọ mi. Warbler kì í dúró, 10x á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ, kó o tó rí i nínú rẹ̀ ó ti fò lọ. Má dá Kọ̀ǹdó lóhùn.

Kámẹ́rà Lójú
Ẹ ra kámẹ́rà.

Bàbá Àlàbá
Ẹ̀yin ẹ máa jà, mò ń lọ síbi omi, atẹ́gùn gúúsù ti ń fẹ́ láti alẹ́ àná.