Kí ni kí n sọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà nípa àjàkálẹ̀ flu? Wọ́n ní àwọn onísáyẹ́ǹsì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà

OmoOwa_Ilesa:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn. Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe n'Íléṣà níbí, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ìyá ọlọ́jà ní Atakúnmọ́sà sọ̀rọ̀ lórí flu, pé bí irú ti 2009 bá tún dé kí ni kí wọ́n ṣe. Mo ti mọ ìbéèrè tí ìyálọ́jà máa kọ́kọ́ jù sí mi, torí nígbà abẹ́rẹ́ kòrónà ó bi mí níṣojú gbogbo ọjà pé "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ sọ tibí, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ tọ̀hún, èwo ni ká wá gbà?" Mi ò sì rí nǹkan gidi sọ. Ní 2009 wọ́n pariwo pé àrùn ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ run ayé, ó ṣe díẹ̀ wọ́n ní iye tó kú ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó tún ṣe, wọ́n ní rárá, ó pọ̀ dáadáa. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni àbí wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn sọ fún mi pé bí sáyẹ́ǹsì ṣe rí nìyẹn, màmá yẹn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Alabu_Ife:
Ẹ kú iṣẹ́ o Nọ́ọ̀sì. Lábù ni mo wà n'Ífẹ̀, ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ iye òkú yẹn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò ní April 2009, àwọn tó ti le fún débi pé wọ́n gbé wọn dé ọsibítù ni wọ́n ń rí kà, ẹni tó kàn sín, tó wúkọ́, tó ra oògùn ní kẹ́mísì tó sì gba ọjà ẹ̀ lọ ò sí nínú ìwé, torí náà ó wá dà bíi pé ìdajì ayé ló máa kú. Nígbà tó parí ní 2010, iye tí lábù jẹ́rìí sí ò ju bíi 18,500 lọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn, ní àdúgbò wa níbí, ta ni wọ́n máa ń ti òwú bọ imú ẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé e lọ sin? "Ibà ló pa á" ni wọ́n máa sọ, ó tán. Nígbà tó di 2012 ni àwọn tó ń ṣèwádìí fi ìṣirò wá a, wọ́n ní á wà láàárín 151,700 sí 575,400, ìdajì wọn ló sì jẹ́ ti Áfíríkà àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Àwa tí wọn ò kà nìyẹn.

Ohun kejì, flu ọdọọdún, àwọn arúgbó ló máa ń pa jù. Ti 2009 ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ti pàdé irú kòkòrò yẹn rí nígbà èwe wọn, ara wọn dá a mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àti aláboyún ló wá ń mú balẹ̀. Ta ló lè mọ ìyẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́, wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbàlagbà máa gbà á, wọ́n dán an wò, ẹ̀ẹ̀kan tó.

Iya_Eleyin:
Gbogbo gírámà yìí dáa o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kì í sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀ nígbà tó yẹ. February 2006 tí wọ́n rí àrùn adìyẹ, flu tó ń pa adìyẹ, ní Jàjí ní Kàdúná lọ́hùn-ún, èmi ń ta ẹyin ní Lágere, gbogbo ibi téèyàn bá yà sí "ẹ má jẹ adìyẹ, ẹ má jẹ adìyẹ," kò sẹ́ni tó ráyè fi kún un pé ẹyin tó bá jinná dénú ò ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Kíréètì tò lọ síwájú mi, ó ń rùn. Ta ló san án fún mi? Ní Íjíbítì wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ bíi 300,000 ní 2009, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló ń kó o ran èèyàn, ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ẹlẹ́dẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Tisa_Feyinti:
Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ wí ire. Nọ́ọ̀sì mi, ẹ má lọ gbèjà gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní 2009 o, torí owó wà níbẹ̀. Ní 2010, BMJ, ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e jáde pé àwọn kan nínú àwọn tó ń gba WHO, àjọ ìlera àgbáyé, nímọ̀ràn lórí flu ti gbowó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ olóògùn, WHO ò sì sọ ọ́ síta. Ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ní àwọn ò rí màgòmágó kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sẹ́nu aráyé. Tamiflu náà, oògùn flu tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná ju 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé lórí, ẹni tó ṣe é ò jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo èsì ìwádìí ẹ̀, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí oògùn jọ yẹ̀ wò, jà jà jà, 2014 ni wọ́n tó kà á tán, ó kàn ń jẹ́ kí ara àgbàlagbà tètè yá pẹ̀lú nǹkan tí kò tó ọjọ́ kan ni.

Ká má tiẹ̀ sọ ti àjàkálẹ̀ flu 1918. Ogun ń lọ, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn wọn kọ ọ́ bó ṣe rí, Sípéènì tí kò bá wọn jagun ló ń kọ ọ́, ni wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀ pe àrùn. Ó bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó ní September, àwọn dókítà ń sọ pé bakitéríà ni, 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ lára èèyàn. Oògùn ò ran nǹkan, àwọn kan n'Íjẹ̀bú-Òde bá kóra jọ fún àdúrà, ara ibi tí ìjọ Aládùúrà ti ṣẹ̀ nìyẹn, kó tó di ti ìsọjí Òkè-Ọ̀oyè ní 1930 tí gbogbo Iléṣà mọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi o.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa sọ fún ìyálọ́jà pé "Màmá, ohun tó dá wa lójú lónìí rèé, eléyìí là ń wádìí lọ́wọ́, Tọ́sìdé tó ń bọ̀ mo máa padà wá sọ ibi tó dé." Kẹ́ ẹ sì padà lọ lóòótọ́.

OmoOwa_Ilesa:
Ẹ ṣé gan-an sà. Wọ́n á bi mí nípa abẹ́rẹ́ náà, kí ni kí n wí?

Alabu_Ife:
Ẹ má ṣèlérí ẹ̀ fún wọn. Ní 2009 ó tó bí oṣù mẹ́fà kó tó jáde, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń tọ́ kòkòrò ẹ̀ dàgbà kí wọ́n tó pa á, àwọn ìlú olówó sì ti sanwó sílẹ̀ de ti wọn. Kó tó kàn wá, kí ẹni tó ń wúkọ́ fi ìgbúnwọ́ bo ẹnu, kí wọ́n ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kọ́mọ tí ara ẹ̀ ń gbóná jókòó sílé.

Iya_Eleyin:
Ẹyin kẹ̀? Ẹyin yìí náà? Wọn ò sì wá rà á lọ́wọ́ mi.