Ọ̀nà àbàtà, láti Lẹ́kí dé Àgbádárìgì: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ fún ẹni tó ń lọ

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ẹni tí kò rin àbàtà rí, kó ti Lekki Conservation Centre bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní òdìkejì Chevron. Nigerian Conservation Foundation ló ni ín. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ héktà 78. Orí pákó ni èèyàn ń rìn níbẹ̀. Wọ́n gbé e lé òpó, omi àti ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì yí inú igbó náà po. Ẹ ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá fi wákàtí kan rìn ín, pákó nìkan ló rí.

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ débẹ̀. Àárọ̀ ni àwọn ọ̀bọ ń jẹun, àwọn aláyà funfun tí ẹ̀yìn wọn pọ́n rúsúrúsú. Tí oòrùn bá ti mú, wọ́n á wọ inú ewé, ẹ ò ní gbọ́ ju kí ẹ̀ka ṣẹ́ lọ. Ti ọ̀nì yàtọ̀. Oòrùn lòun ń yá, nítorí náà, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń wo àbàtà sí nǹkan bí agogo mẹ́wàá, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má wo omi, ẹ wo etí omi. Ohun tó jọ ìtì igi tó rà sínú ẹrẹ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Awọ́nrínwọ́n náà wà níbẹ̀, òun kì í sá bọ̀rọ̀.

Afárá orí igi wá ńkọ́? Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i, ibi tó ga jù níbẹ̀ sì lé ní mítà 22. Okùn àti àwọ̀n ló dì í mú, ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń rìn lọ́jà, á máa fì yín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan máa tẹ̀ síwájú èkejì gẹ́lẹ́. Ẹ fi àyè tó ènìyàn mẹ́rin sílẹ̀ láàárín yín àti ẹni iwájú, torí ìgbésẹ̀ tirẹ̀ ló ń mì yín, kì í ṣe tiyín. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró lórí ilé-ìṣọ́ tó so afárá kan mọ́ òmíràn, ibẹ̀ kì í fì. Fóònù tí kò sí nínú àpò onísíìpù tàbí lọ́rùn, àbàtà ló ni ín.

—

Ẹ ṣeun. Ẹ fi ti oúnjẹ kún un. Ọ̀bọ mọ ìró náílọ́ọ̀nù ju ọmọ ilé ìwé lọ. Ẹ má ṣe tú Gàlá tàbí ẹ̀pà lórí pákó, ẹ má sì ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn nítorí fọ́tò. Èyí tí àlejò bá ti bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò ní tọrọ mọ́, jíjá ni yóò máa já a gbà, ó sì ń géni jẹ. Oúnjẹ kó wà nísàlẹ̀ báàgì títí ẹ ó fi jáde sí pápá koríko. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọlidé kò dára rárá fún ẹni tó fẹ́ rí ẹranko. Ariwo nìkan lẹ ó bá.

—

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè ni igi tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pákó yẹn, tí imọ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀. Ògùrọ̀ ni. Bí ẹ bá mọ ògùrọ̀, ẹ ti mọ ìdajì ìtàn etí ọ̀sà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yìí ń so láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Adẹ́mu ń ṣọ́ ọ títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ́ yọ òdòdó, á gun un, á dá orí náà lu, á fi igbá tàbí kẹ́ẹ̀gì gbe omi rẹ̀, á sì máa bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà dí. Tó bá pẹ́ jù kó tó dá a, igi á ti lo omi náà fún èso. Tó bá yá jù, omi ò ní pọ̀. Igi tí wọ́n dá kò sí lọ́jọ́ iwájú mọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń dá láìgbin òmíràn ń jẹ ogún ọmọ rẹ̀.

Ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń sè di ògógóró. Ẹ ó rí àgbá lórí iná, páìpù jáde lára rẹ̀, ó gba inú omi tútù kọjá, ohun tó ń kán sínú ìgò lápá kejì ni ọtí. Ìdí nìyí tí ibi tí wọ́n ti ń sè é fi ń wà létí omi: àbàtà ló ń mú páìpù náà tutù lọ́fẹ̀ẹ́. Tí omi tó yí páìpù ká bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, oru á jáde láìdi omi, ọtí á ṣòfò. Ewé ògùrọ̀ tí kò tíì là ni wọ́n ń bó ìko lára rẹ̀, fún okùn, ẹní àti aṣọ eégún.

—

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Àgbádárìgì. Láti Máìlì Tú ni mọ́tò ti ń gbéra. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ọ̀nà yẹn kò ṣeé fọkàn tán, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání: ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àyẹ̀wò pọ̀ níbẹ̀. Láti èbúté Marina ti Àgbádárìgì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èèyàn sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ di gbogbo ìdè láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn fa èjìká rẹ̀ sókè. Bó bá ré kọjá etí yín, ó ti tóbi jù, nínú omi yóò bọ́ lọ́rùn yín.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Omi tín-ín-rín kan ń tú jáde níbẹ̀ bí ìtọ̀ ọmọdé. Tí ewé ojú omi bá dí ibi tó ti ń fa omi, ìtútú yẹn á dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ á pa á lójú ẹsẹ̀, á yí i sókè, á fi ọ̀bẹ gé ewé tó wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe kanra mọ́ ọn, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn sàn ju kí ọkọ̀ máa léfòó láìní agbára.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀, ẹ ó fi nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí rin yanrìn kí ẹ tó dé etíkun. Lítà omi kan àti ààbọ̀ fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù, torí yanrìn ń ta oòrùn padà sójú. Lójú ọ̀nà ni kànga tí àwọn afinimọ̀nà sọ pé wọ́n ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí ó lè gbàgbé ilé. Níwájú ni òpó méjì tó dagun síra wọn, ibi Àlọ-Àìbọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Point of No Return. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Ìgbì tó ń padà ń yọ yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀, òmùwẹ̀ pàápàá kì í bá a jà.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ewé ojú omi yẹn ní àkókò tirẹ̀. Ọdún 1984 ló wọ Èkó, láti ọ̀nà ọ̀sà Àjàṣẹ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi òkun wọ inú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ń pa á. Lápá Àgbádárìgì, odò Yewa ń da omi tí kò níyọ̀ sí i, nítorí náà ewé náà ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ omi tó mọ́, kó lọ láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà. Àsìkò yẹn kan náà ni àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù ṣì wà lórí ẹrẹ̀.

—

Nínú ìlú Àgbádárìgì, ẹsẹ̀ ló yá jù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Marina: ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọdún 1842 náà ni wọ́n wàásù ẹ̀sìn Kírísítì lábẹ́ igi Àgíà. Igi yẹn ti wó ní 1959, òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Àgbàlá Sẹ́ríkì Williams Abass, oníṣòwò ẹrú, ló máa ń múni lọ́kàn jù. Yàrá kéékèèké 40 ni wọ́n sọ pé wọ́n ń há ẹrú mọ́. Ẹ wọ ọ̀kan, ẹ na ọwọ́, ẹ wo bí ògiri ṣe sún mọ́ra. Afinimọ̀nà á sọ pé agboorùn kan ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ogójì ènìyàn. Ẹ gbọ́ ọ bí ìtàn tí ìlú ń sọ.

Ìlú Ègùn ni ẹ wà o. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ Vlekete, ẹ sì fi fóònù pamọ́ tí Zàngbétò, eégún àwọn Ègùn, bá ń yí bọ̀, àyàfi tí àwọn tó ń darí rẹ̀ bá gbà. Ìko tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan ni aṣọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

—

Ìbéèrè: òjò ńkọ́, ṣé a lè gbé ọmọ lọ?

—

Oṣù Òkúdù, ẹ fi Gbẹ̀rẹ̀fú sílẹ̀. Lẹ́kí ṣì ṣeé rìn, àmọ́ èéhù tútù ń hù lórí pákó, sílípáàsì kò gbà á. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà ló dára. Ọmọdé kó máa rìn láàárín àgbà méjì, kì í ṣe níwájú. Ní ti ọkọ̀ Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ bá ọlọ́kọ̀ dá owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ san ìdajì. Ìdajì tó kù, ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá tún kan èbúté Marina.